Pèrègún Tí Bàbá Lọ́jà Gbìn fún Àlejò

Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin kan ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá ni, ó wá jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ sọ́fíọ̀, iṣẹ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀, torí òun gbọ́ pé owó wà nínú ẹ̀. Mo ní kó lọ bu omi wá fún mi ná. Nígbà tó gbé omi dé, mo ní, "Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi fa ṣéènì, ṣé o rí owó ọ̀hún lára mi?" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí n pinnu pé màá kúkú sọ ọ́ fún gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe. Wọ́n ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí oògùn tí kò ní èèwọ̀ tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èèwọ̀ tèmi fún yín.

Òṣogbo ni wọ́n ti bí mi, ní agboolé tó ti ń kírun láti ayé bàbá bàbá mi. Bàbá mi ń ránṣọ, ìyá mi ń re aró. Ìyá mi kì í ṣe ọmọ Òṣogbo, Ìjẹ̀ṣà ni, ọmọ abúlé kan tó ń jẹ́ Ìrókòméjì, tó wà nínú igbó, béèyàn bá ti kọjá Ìtagúnmódì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni Lọ́jà abúlé náà, ìyẹn baálẹ̀ wọn, Bàbá Lọ́jà ni gbogbo wa sì ń pè é. Àgbẹ̀ ni, Ògún ló ń bọ. Tó bá wá kí wa ní Òṣogbo lásìkò ààwẹ̀, kì í fẹnu kan oúnjẹ lójú bàbá mi títí oòrùn á fi wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò ní kó gbààwẹ̀.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ ò gba àlàyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni, mo ti ka ìwé díẹ̀, n kò fẹ́ ránṣọ, ẹnì kan mú mi lọ bá Ọ̀gá Fámúrewá ní Iléṣà. Owó tó ń san kò tó nǹkan. Ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Fámúrewá ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, kì í rẹ́rìn-ín títí iṣẹ́ á fi parí lójúmọ́. Ó ní awò kan tó máa ń gbé ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, á di ojú kan, á fi èkejì wò ó. Àwọn ará oko gbà pé góòlù abẹ́ ilẹ̀ ló ń fi wò. Kò wo góòlù kankan. Ìlà ló ń wò. Iṣẹ́ àwa ọmọọṣẹ́ ni ká fi àdá la ìlà yẹn gba inú igbó kọjá, kó tọ́ débi pé ẹni tó dúró níbẹ̀rẹ̀ á máa rí ẹni tó wà lópin rẹ̀. Lẹ́yìn náà la óò wá fa ṣéènì, okùn irin olóríkèé tí a fi ń wọn ilẹ̀ nígbà náà.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Oṣù tó pọ̀ ni mo fi pọ́n àdá tí mo fi ru ẹrù kí ọ̀gá tó jẹ́ kí n di ṣéènì mú. Tí ìlà bá fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ yẹ̀, kì í pariwo. Á kàn ká ọwọ́ sẹ́yìn, á ní, "Ẹ padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀." Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ òdìkejì àbàtà, ó lè jẹ́ ibi tí a ti pa ejò láàárọ̀, a máa padà síbẹ̀. Lọ́sàn-án gangan kì í jẹ́ ká fa ṣéènì, ó ní oòrùn ń na irin, irin tó bá sì nà á purọ́ mọ́ ilẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Mo máa ń gbàdúrà pé kí esinsin kó sí i lójú tó bá ń wo awò rẹ̀.

Èèwọ̀ tó le jù lọ́dọ̀ rẹ̀ rèé: a kò gbọdọ̀ fẹnu kan ohunkóhun tó bá ti inú ilẹ̀ tí à ń wọ̀n jáde, títí a ó fi wọ̀n ọ́n tán. Kò gbà ká jẹ ọsàn, kò gbà ká jẹ àgbàdo, kódà omi odò ibẹ̀, kò gbọdọ̀ kan ọ̀fun wa. Láti Iléṣà la ti ń ru omi tí a máa mu. Jímọ̀, ọmọ Ẹdẹ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, já ìbẹ́pẹ kan jẹ lóko olóko lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá rí kóró ìbẹ́pẹ lára ẹ̀wù rẹ̀. Kò bú u. Ó ní, "Jímọ̀, máa lọ sílé. Ohun tóo bá jẹ lórí ilẹ̀ ẹni, á máa fa ọwọ́ rẹ nínú ṣéènì." Jímọ̀ sunkún, àwa náà bá a bẹ̀bẹ̀, Ọ̀gá ò gbọ́. Ọjọ́ náà ni Jímọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo gbọ́ pé ó padà di awakọ̀.

Mo ti mọwọ́ iṣẹ́ nígbà tí kọ́ńpìnnì òyìnbó kan dé pé àwọn ń wá ilẹ̀ tó lọ salalu tí àwọn máa fi gbin rọ́bà. Ní àkókò yẹn, gbogbo ẹnu ló ń sọ ọ́ pé kí òyìnbó kó owó wá, kí iṣẹ́ lè wà fún àwọn ọ̀dọ́. Àwa náà fẹ́ ẹ. Mo rántí pé èmi fúnra mi ń yọ̀. Aṣojú wọn, ọmọ Yorùbá bíi tiwa tó máa ń wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún, ló ń lọ láti abúlé dé abúlé. Ó ní ọ̀nà mọ́tò á dé, ilé ìwé á dé, ilé ìwòsàn á dé. Nígbà tó dé Ìrókòméjì, ó kó obì dání, ó gbé ọtí òyìnbó àti àpò iyọ̀ dání, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá Lọ́jà. Ó ní àwọn ọ̀gá òun fẹ́ tọrọ ilẹ̀ dáko.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Bàbá Lọ́jà àti ẹbí rẹ̀ gbà, wọ́n tẹ̀ka sínú ìwé tí aṣojú náà mú wá, síbi tó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí.

Kí ó lè yé yín: ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nígbà náà, àwọn ará oko kì í sọ pé àwọn ta ilẹ̀. Àlejò á wá tọrọ, wọ́n á fún un, lọ́dọọdún á máa gbé iṣu díẹ̀ àti obì díẹ̀ wá fún onílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ là ń pe ìyẹn. Bó pẹ́ títí, ọmọ àlejò á jogún oko, ọmọ onílẹ̀ á jogún ilẹ̀, wọ́n á sì jọ máa gbé. Ilé onílẹ̀, igi obì rẹ̀, sàréè bàbá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lè wà láàárín oko àlejò, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀. Ohun tí Bàbá Lọ́jà mọ̀ nìyẹn, ohun tó rò pé òun fún òyìnbó nìyẹn.

Ọ̀gá Fámúrewá ni kọ́ńpìnnì gbéṣẹ́ ìwọ̀n náà fún. Mo lọ bá a, mo ní, "Ọ̀gá, abúlé ìyá mi ni o."

Ó wò mí. "Tí ọwọ́ rẹ bá máa gbọ̀n, sọ ọ́ fún mi báyìí."

"Kò ní gbọ̀n, sà."

"Ó dáa. Omi ilé ni wàá mu."

Bí a ṣe dé Ìrókòméjì, ìyàwó Bàbá Lọ́jà ti gúnyán. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iyán Ìjẹ̀ṣà, ẹ ò ní bi mí bí ó ṣe rí lára mi láti dúró níwájú rẹ̀ kí n ní n kò jẹ. Bàbá Lọ́jà ń wò mí láti orí àpótí tó jókòó lé. Ẹnu Ìjẹ̀ṣà ló fi sọ̀rọ̀, "ulé" ni wọ́n ń pe ilé lọ́dọ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́ bí gbogbo yín á ṣe gbọ́ ọ.

"Sùlé, ṣé Òṣogbo ló sọ ẹ́ di ẹni tí kì í jẹun nílé ìyá ẹ̀ ni? Tàbí o rò pé májèlé wà nínú ẹ̀?"

Mo sọ èèwọ̀ ọ̀gá mi fún un. Mo rò pé inú á bí i. Ńṣe ló rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá yín mọ nǹkan tó ń ṣe. Ẹni tó bá ti jẹun lórí ilẹ̀ kan, kò lè máa wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́. Gbé iyán yẹn kúrò fún un, ìyá wọn. Tó bá parí iṣẹ́, á wá jẹ ẹ́." N kò wá jẹ ẹ́ rárá.

A wọn ilẹ̀ náà yí po. Ìlà wa gba ẹ̀yìn abúlé lápá kan, ó gba etí odò lápá kejì, ó wá padà pàdé ara rẹ̀. Abúlé Ìrókòméjì pẹ̀lú igi ìrókò rẹ̀ méjèèjì wá wà láàárín. Ní gbogbo ibi tí ìlà ti ṣẹ́ kọ́nà, a ri òkúta sìmẹ́ńtì mọ́lẹ̀, a sì kọ nọ́ńbà sí i lórí. Bàbá Lọ́jà ń tẹ̀ lé wa. Ó fi ẹsẹ̀ kan ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà, ó ní, "Èyí ò lè hù."

N kò mọ ohun tó ń gbèrò nígbà náà. Ní ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pe àwọn olórí abúlé tó bá a pààlà, títí kan àwọn tó wà lápá abúlé Ìkejì. Ó kó igi pèrègún tó ti ṣẹ́ ní ìdì ńlá. Ẹ mọ pèrègún, igi tí ewé rẹ̀ gùn gbọọrọ, tí a máa ń gbìn sí ààlà. Bó o ṣẹ́ ẹ tó o rì í mọ́lẹ̀, á hù, kì í sì í kú bọ̀rọ̀. Ó mú àdá, ó ń lọ láti òkúta kan sí èkejì, ó ń rì í mọ́lẹ̀ níṣojú àwọn àgbà yẹn. Mo bi í pé kí ló dé tó ń ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Àlejò mi ni. Kò mọ ẹnì kankan níbí. Tí èmi tí mo gbà á ò bá fi ààlà rẹ̀ han àwọn ará ìtòsí, lọ́la wọ́n á ní ó fi ọkọ́ kan ilẹ̀ àwọn, wọ́n á máa bá a jà. Sìmẹ́ńtì ò mọ ẹnikẹ́ni. Pèrègún ni gbogbo wa mọ̀." Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbin gbogbo rẹ̀, kò jẹ́ ká bá a gbìn ín.

Ọ̀gá Fámúrewá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ awò rẹ̀, ó ń wò ó. Mo sún mọ́ ọn, mo ní, "Ọ̀gá, ṣé kò burú?" Ó ní, "Iṣẹ́ tiwa ni ká wọn ilẹ̀. Ohun tí onílẹ̀ bá gbìn síbẹ̀, òun ló gbìn ín."

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni katapílà dé. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i, kò jẹ́ nǹkan kan lójú yín. Àwọn ará Ìrókòméjì ò rí i rí. Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ wó igi tó wà létí odò, kò sẹ́ni tó ṣàròyé, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n rò pé àlejò fẹ́ dáko sí. Ó wá bọ́ sínú oko obì. Àwọn obìnrin sáré jáde, wọ́n ń ké, awakọ̀ ò gbọ́ wọn nítorí ariwo ẹ̀rọ. Obì tí bàbá ìyá mi gbìn, tí wọ́n fi sanwó ilé ìwé, tí wọ́n fi gbé ìyàwó, wọ́n tì í ṣubú bí ẹni ń ro èpò. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wó ìrókò kan. Èkejì dúró di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Aṣojú kọ́ńpìnnì wá sọ pé gbogbo abúlé ni kó kó kúrò, wọ́n ti wá ibòmíràn fún wọn létí títì. Lọ́tẹ̀ yìí kò dọ̀bálẹ̀. Bàbá Lọ́jà bi í pé, "Ọmọ mi, àlejò ló ń lé onílé?" Ó ní kò sí onílé méjì, ìjọba ti mọ ẹni tó ni ín. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ti kọ́ọ̀tù.

Ẹbí kó ara wọn jọ, wọ́n gba lọ́yà kan ní Iléṣà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wádìí títí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó pe Bàbá Lọ́jà, ìyá mi àti èmi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó ní ìka tí wọ́n tẹ̀, òun lè bá a jà, torí òun lè fi hàn pé wọn kò túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bó ṣe yẹ. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló ń ba òun lẹ́rù. "Pèrègún yẹn, Bàbá. Tí wọ́n bá bi yín ta ló gbìn ín, ẹ ní ẹ ò mọ̀. Ẹ ní ó jọ pé àwọn lébìrà kọ́ńpìnnì ló gbìn ín. Àwọn àgbà abúlé tó kù ò ní já yín nírọ́, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀."

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ kàn ní ẹ ò mọ̀."

"Àjíkẹ́, dìde." Bàbá Lọ́jà dúró kí ìyá mi dìde tán. "Ààlà èmi àti àwọn ará Ìkejì, kí ni wọ́n fi pa á? Pèrègún ni. Ààlà tí bàbá wa bá àbúrò rẹ̀ pa, pèrègún ni. Kò sí ìwé níbẹ̀, kò sí sìmẹ́ńtì. Ohun tó mú un dúró ni pé ẹni tó gbìn ín kò ní sẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí èmi Lọ́jà bá dúró níwájú adájọ́, tí mo ní n kò mọ ẹni tó gbin pèrègún, kí ni ẹnikẹ́ni máa fi ààlà rẹ̀ hàn mọ́ ní gbogbo agbègbè wa?"

Ìyá mi ní, "Kí ààlà wọn parẹ́. Ilé yín ló ń lọ yìí. Sàréè bàbá wa ló ń lọ."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Èmi náà bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi ní kí n dákẹ́, kí n má sọ òun di ẹni tí kò ní í lè wojú ọmọ tó bí.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, kọ́ọ̀tù kún. Wọ́n gbé Bíbélì fún un, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n fún òun ní irin. Wọ́n fún un lọ́bẹ, ó fi ahọ́n kàn án. Lọ́yà kọ́ńpìnnì jẹ́ àgbàlagbà tí ohùn rẹ̀ tutù. Ọ̀rọ̀ tó bá a sọ kò gùn, mo rántí gbogbo rẹ̀.

"Bàbá, ta ló gbin pèrègún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta wọ̀nyí?"

"Èmi ni."

"Ṣé wọ́n fipá mú yín ni?"

"Rárá. Mo fi ọwọ́ mi gbìn ín, mo pe àwọn ará ìtòsí kí wọ́n wá wò ó."

"Láàárín ta àti ta ni wọ́n ń gbin pèrègún sí lọ́dọ̀ yín?"

"Láàárín èèyàn àti ẹni tó bá a pààlà."

"Ẹ ṣeun. Ta ló wá wà nínú pèrègún yìí, Bàbá?"

"Àlejò mi ni. Mo gbìn ín fún un kí wọ́n má baà..."

Lọ́yà ní ó tó, òun ti gbọ́ èyí tí òun fẹ́ gbọ́. Bàbá Lọ́jà ṣì ń ṣàlàyé. Ó ń sọ ti ìṣákọ́lẹ̀, ó ń sọ pé onílẹ̀ ló ń fi ààlà han àlejò, kì í ṣe àlejò ló ń fi han onílẹ̀. Ẹni tó ń túmọ̀ fún adájọ́ ti dákẹ́. Bàbá Lọ́jà wá rí i pé òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ó dákẹ́ òun náà.

Wọ́n dá ẹjọ́ fún kọ́ńpìnnì. Adájọ́ ní ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààlà níṣojú ẹlẹ́rìí, tó sì jẹ́wọ́ rẹ̀, kò lè padà wá ní òun kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti bọ́. Òtítọ́ dọ́jà ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọjọ́ yẹn ni òwe yìí yé mi, kò sì dùn mọ́ mi nínú pé ó yé mi. Nígbà tí a jáde, kò sẹ́ni tó bú Bàbá Lọ́jà. Wọ́n kàn ń rìn jìnnà sí i díẹ̀.

Kò pẹ́ tí kọ́ńpìnnì tún pe Ọ̀gá Fámúrewá pé kó wá la ìlà tí wọ́n máa fi gbin rọ́bà. Ọ̀kan nínú ìlà náà gba àárín abúlé kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, mo ti ru ṣéènì lé èjìká, Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ mi. "Ìwọ ò ní ṣiṣẹ́ lónìí. Lọ ran ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ lọ́wọ́." Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò fún mi láàyè bẹ́ẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí ibà ń ṣe mí.

Mo bá Bàbá Lọ́jà ru ẹrù jáde. Kò pọ̀. Odó, ìkòkò, ẹní, irin Ògún rẹ̀ tó fi aṣọ wé. Nígbà tí a ń ru èyí tó kẹ́yìn, Ọ̀gá Fámúrewá dé ẹnu ọ̀nà. Ó bọ́ fìlà. Ọkùnrin tí kì í bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé ó máa ń na ọwọ́ sí àwọn ìjòyè ni, ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku.

Bàbá Lọ́jà ní, "Dìde, ọ̀gbẹ́ni. Ṣé ìwọ lo gbìn ín ni?"

Ó dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ fún mi lómi mu."

Ìyàwó Bàbá Lọ́jà wo àmù tó kù nílẹ̀, ó bu omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún un. Ọ̀gá mu gbogbo rẹ̀, ó gbé igbá náà padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. A kò tíì wọn ilẹ̀ ọ̀hún tán. Mo ti rántí Jímọ̀ kí n tó mọ̀. Ọ̀gá wá lọ gbé awò rẹ̀ ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó sì la ìlà náà, ó tọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń tọ́. N kò kórìíra rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn, n kò sì lè sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Bàbá Lọ́jà wá ń gbé ọ̀dọ̀ wa ní Òṣogbo, nínú yàrá tí ìyá mi ń kó aṣọ aró sí. Àárọ̀ ni á ti jókòó síwájú ilé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á wà lórí orúnkún, kò mọ ohun tó lè fi wọ́n ṣe. Bàbá mi fún un ní ilẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ́pẹ́ lẹ́yìnkùlé pé kó máa gbin ẹ̀fọ́, ó dúpẹ́, kò gbìn ín. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láti apá Ìjẹ̀ṣà, ìbéèrè kan ló máa ń bi mí.

"Ṣé ó hù?"

"Gbogbo rẹ̀ ló hù, Bàbá."

"Èyí tó wà lápá Ìkejì ńkọ́?"

"Ó hù, sà. Ó ti ga jù mí lọ."

Á mi orí. N kò mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí ó bàjẹ́. N kò bi í rí.

Kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Ohun kan ṣoṣo tó ti ń tọrọ ni pé kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá òun ní Ìrókòméjì. Èmi ni wọ́n rán lọ bẹ kọ́ńpìnnì, torí mo mọ àwọn èèyàn wọn díẹ̀. Aṣojú yẹn gbà mí dáadáa, ó fún mi ní àga, ó bá mi kẹ́dùn, ó sì ní kò ṣeé ṣe, wọ́n ti gbin rọ́bà sí ibẹ̀. Mo padà sílé, mo sọ fún ìyá mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ mú. Ẹ̀yìnkùlé wa ni a sin ín sí, lórí ilẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ́pẹ́ tí bàbá mi fún un.

Ìyá mi ti ṣẹ́ pèrègún kan pé òun máa rì í síbi orí rẹ̀. Ìyàwó Bàbá Lọ́jà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọkọ òun ti sọ fún òun kó tó kú pé kí ẹnikẹ́ni má gbin pèrègún sí orí sàréè rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní ilẹ̀ àna òun ni, ọ̀ràn ààlà kò sí fún òun níbẹ̀, òun ò ní dé ilé onílé kí òun pààlà. Ìyá mi ju pèrègún náà sí ẹ̀yìn ògiri, ó sunkún débi tí ohùn rẹ̀ fi há.

Mo ṣe iṣẹ́ náà títí mo fi tẹ̀yìn tì. Ṣéènì lọ, okùn irin pẹlẹbẹ tó ń ká ara rẹ̀ dé. Ìyẹn náà lọ, awò tó ń fi iná wọn ilẹ̀ dé. Nísinsìnyí wọ́n ti ní nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń mú lọ́wọ́ bíi fóònù, tí á wo ojú ọ̀run, á sọ ibi tóo dúró sí fún ọ. Ọmọ tó ń lò ó lè máa jẹ ọsàn lọ́wọ́ kan, kò ní fa ọwọ́ rẹ̀. Irinṣẹ́ ti yí padà. Àwọn tó ń wá ilẹ̀ náà ò yí padà, wọ́n ṣì ń kó obì dání.

Kọ́ńpìnnì rọ́bà yẹn ti lọ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n gbé ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn, ìyẹn náà tún gbé e fún ẹlòmíràn. Láìpẹ́ yìí, àwọn kan tún dé láti òkè òkun, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbin ọ̀pẹ tó pọ̀. Wọ́n ń wá ààlà àtijọ́. Òkúta sìmẹ́ńtì ti fọ́, àwọn míì ti rì sínú àbàtà. Ọmọ ọmọ Bàbá Lọ́jà kan tó ń gbé etí títì ló wá sọ fún mi pé pèrègún ni wọ́n fi rí i, wọ́n kàn ń tẹ̀ lé e láti ọ̀kan sí èkejì títí wọ́n fi yí gbogbo rẹ̀ po. Ó ní kò sí ọ̀kan tó kú nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ débí fún ọmọ ọmọ mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí n fi sàréè Bàbá Lọ́jà han òun. Mo mú ọ̀pá mi, mo dìde, a jọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àbúrò mi ti kọ́ yàrá sí apá kan níbẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ kànga sí apá kejì, wọ́n sì ti da kọnkéré sáàárín fún ibi tí wọ́n ń fọṣọ. Mo dúró. Mo wo ògiri, mo wo kànga, mo ń gbìyànjú láti rántí ibi tí ìkòkò aró ìyá mi máa ń wà.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, ibo ni?"

Gbogbo kọ́nà Ìrókòméjì, mo lè di ojú kí n mú ọ débẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí Bàbá Lọ́jà sùn sí, n kò mọ̀ ọ́n mọ́.